PHY 101: báwo lẹ ṣe ń mú àwọn ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ronú kí wọ́n tó sá di fọ́múlà?

Olùkọ́ Mẹkáníìsì béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹnjiníà, àti ẹ̀yin àbúrò tó ṣì wà nílé ìwé.

PHY 101, ìyẹn físíìsì nípa ìrìn àti force (fífà tàbí títì), ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá: àwọn sífù, àwọn mẹkáníkà, àwọn oníná. Gbọ̀ngàn máa ń kún débi pé àwọn mìíràn á dúró lójú fèrèsé. Máíkì á ṣiṣẹ́ lónìí, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la. Ìyẹn kọ́ ni mo bá wá.

Àwọn ọmọ yìí gbọ́n. Ẹni tí kò bá yege físíìsì ní WAEC, tí máàkì JAMB rẹ̀ kò sì ga, kò lè dé ọ̀dọ̀ mi rárá. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ equations of motion, wọn á kà á jáde geere bí ẹni ń ki oríkì ilé wọn. Fún wọn ní u (ìyára ìbẹ̀rẹ̀), a (acceleration, bí ìyára ṣe ń yí padà sí) àti t (àkókò), wọn á ti bá ọ rí v (ìyára ìkẹyìn) kí o tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbéèrè tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ju bọ́ọ̀lù kan sókè tààrà. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ṣì ń gòkè lọ. Ká pa ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tì ná. Force wo ló wà lára bọ́ọ̀lù náà báyìí? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á ya ọfà méjì: ìwúwo tó ń fà á wálẹ̀, àti "force ọwọ́" tó ń tì í lọ sókè. Bí mo bá ní, tó bá wá dé òkè pátápátá ńkọ́, wọn á ní méjèèjì ti dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi dúró. Àwọn kan á kọ ọ́ gbangba pé a = 0 torí pé v = 0.

Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi kò sí lára bọ́ọ̀lù mọ́. Ìwúwo nìkan ló kù lára rẹ̀ nígbà tó ń lọ, nígbà tó dé òkè, àti nígbà tó ń bọ̀, acceleration rẹ̀ sì jẹ́ 9.8 m/s² sí ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bó bá jẹ́ pé a di òdo lókè níbi tí v ti di òdo, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ìbá rọ̀ sí títí láé.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé, bí mo bá bi ọmọ kan náà tó kọ a = 0 yìí pé bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ mi pẹ̀lú 19.6 m/s, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni yóò fi dé òkè, á ní méjì. Á ní ó ga dé 19.6 m. Ó sì tọ̀nà! Ó fi −9.8 ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òkè pátápátá náà wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń fi ọwọ́ kọ àti ohun tó gbà gbọ́ kò pàdé rí.

Ìkejì ni ti tírélà. Tírélà tó kẹ́rù, ká ní 30,000 kg ni, forí sọ Corolla tó jẹ́ 1,300 kg. Èwo ló gba force tó pọ̀ jù? Gbogbo gbọ̀ngàn á pariwo pé Corolla. Mo ní rárá, force kan náà ni. Corolla ni ìrìn rẹ̀ yí padà jù, ní bíi ìlọ́po 23, ìyẹn ló sì ń ṣe àwọn tó wà nínú rẹ̀ léṣe. Ọmọkùnrin kan dìde ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, ó ní, "Sà, ẹ lọ sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀." Inú mi dùn sí ọmọ yẹn ju àwọn tó kọ law kẹta Newton (pé force tí ohun méjì ń fi lé ara wọn dọ́gba) sílẹ̀ láìjanpata lọ. Òun ń fi ohun tí mo sọ wé ohun tó fojú rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́.

Kì í sì ṣe tiwa nìkan. Ní 1985, Ibrahim Halloun àti David Hestenes ní Arizona State University kọ̀wé lórí irú èrò yìí gan-an láàrin àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà. Ní 1992, Hestenes pẹ̀lú Malcolm Wells àti Gregg Swackhamer gbé Force Concept Inventory jáde, ìdánwò tí kò ní ìṣirò nínú, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nípa bọ́ọ̀lù àti ọkọ̀. Nígbà tí Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì, gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Harvard, ọ̀kan nínú wọn bi í pé ṣé bó ṣe kọ́ wọn ni kí òun ṣe dáhùn, àbí bí òun ṣe máa ń ro ó lọ́kàn òun. Ìbéèrè ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí àwọn tèmi ń gbé mì ló sọ síta.

Àkókò ni wàhálà. Sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo ni mo ní fún vector, ìrìn, àwọn law Newton, work àti energy, momentum, yíyípo àti gravitation. Lọ́sẹ̀ kejì ni mo ti nílò dv/dt (bí v ṣe ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ), bẹ́ẹ̀ MTH 101 tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ kò ju algebra àti trigonometry lọ; calculus di MTH 102, ní sẹ̀mẹ́sítà kejì. Bí a bá fi odidi lẹ́kíṣọ̀ kan jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, nǹkan kan máa ṣẹ́ kù nílẹ̀ kí ìdánwò tó dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ yọ kúrò kí àyè lè gbà yín? Báwo lẹ ṣe ń mú gbọ̀ngàn ńlá ronú láìsí ohun èlò? Ẹ̀yin ẹnjiníà, èwo nínú PHY 101 lẹ ṣì ń lò lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní?

Bàbá Láàbù fèsì:

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín mú mi jókòó.

Ẹ má yọ orí kankan. Àpẹẹrẹ tí ẹ ń ṣe lójú pátákó ni kí ẹ dín kù. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe é, àwọn ń dà á kọ, wọn ìbá sì rí i kà nínú ìwé. Ẹ sọ ojú ìwé tí wọn yóò kà nílé kí wọ́n tó wá, kí ẹ fi lẹ́kíṣọ̀ ṣe ìbéèrè bíi mẹ́ta péré.

Lọ́dọ̀ Mazur tí ẹ dárúkọ yẹn ni mo ti kọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Kálukú á mú abala A4 kan, á kọ A, B, C, D gàdàgbà sí i. Mo kọ ìbéèrè sójú pátákó. Ìṣẹ́jú kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á gbé lẹ́tà tí wọ́n mú sí àyà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà wo tará iwájú. Bí àwọn tó gbà á bá kéré gan-an, mo tún un ṣàlàyé. Bí wọ́n bá gbà á tán, mo kọjá lọ. Bó bá wà láàrin, bíi 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, mo ní kí kálukú wá ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí wọ́n jọ wí i títí ọ̀kan yóò fi gbà fún èkejì. Ariwo á sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tún gbé lẹ́tà sókè, ẹ ó rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èdè tó bá wu wọ́n ni kí wọ́n fi jiyàn. Mo ti rí ọmọ tí kò lè parí gbólóhùn kan lórí friction (ohun tó ń dá nǹkan méjì tó fara kan ara dúró kí wọ́n má yọ̀) ní Gẹ̀ẹ́sì, tó yí sí Yorùbá, tó sì la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn mẹ́ta tó yí i ká. Àwa tí a wà nítòsí nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu. Ìwé ìdánwò wọn lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjiyàn wọn kò pọn dandan kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé àkókò ń ṣòfò, kó wo iṣẹ́ tí Richard Hake tẹ̀ jáde ní 1998. Ó kó èsì kíláàsì 62 jọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 6,000. Nínú ohun tí ọmọ kò mọ̀ nígbà tó wọlé, kíláàsì tí olùkọ́ ń sọ tí ọmọ ń kọ fi bíi 23 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Kíláàsì tí àwọn ọmọ ti ń ronú tí wọ́n ń bára wọn fà á fi bíi 48 kún un. Mo gba iṣẹ́ yẹn gbọ́ torí ojú mi rí irú rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé PHY 107, iṣẹ́ láàbù. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé g, acceleration ohun tó ń já bọ́, yẹ kó jẹ́ 9.8, nítorí náà gbogbo wọn ń sè é. Bí ìdáhùn bá ti wà nínú ìwé, wọn ò ní wọn ohunkóhun. Bàtà ẹsẹ̀ wọn ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Kí ọmọ gbé sálúbàtà rẹ̀ sórí pákó, kó máa gbé orí pákó kan sókè díẹ̀díẹ̀ títí bàtà yóò fi yọ̀, kó wọn gíga, kó wọn ìdí, kó pín wọn. Coefficient of static friction nìyẹn, nọ́ńbà tó ń sọ bí bàtà ṣe di pákó mú tó kó tó yọ̀, kò sì sí ìwé tó kọ ti bàtà rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà mo ní kó gbé bàtà kejì lé àkọ́kọ́ lórí. Gbogbo wọn á ní ẹrù ti wúwo sí i, á yọ̀ kíá. Ibì kan náà ló ti máa ń yọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ mọ ìdí, tí wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn.

Ẹnjiníà Sáìtì fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ káàsán o. Sífù ni mo kà, ilé ni mò ń kọ́. Free-body diagram (àwòrán ọfà gbogbo force tó wà lára nǹkan) àti moment (bí force ṣe ń fẹ́ yí nǹkan) ni mò ń lò lójoojúmọ́. Fọ́múlà range ti projectile (bí ohun tí a jù ṣe máa jìnnà tó), láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, n kò tún lò ó mọ́.

Kọnkéré le gan-an bí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, kì í pẹ́ sán. Irin ló ń gba fífà yẹn. Dẹ́kìn tó jókòó lórí ògiri méjì, bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń fà, torí náà ìsàlẹ̀ ni irin gidi máa ń wà. Ṣùgbọ́n báńkónì tó yọ síta tí kò ní òpó níwájú, òkè rẹ̀ ló ń fà. Òkè ni irin gbọ́dọ̀ wà. Ohun tí ojú mi wá ń rí ni pé bí wọ́n bá ń da kọnkéré, àwọn lébìrà á máa rìn kọjá lórí irin òkè yìí, á máa tẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi sùn sí ìsàlẹ̀, níbi tí kò ti ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kọnkéré á bò ó. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ìlà yóò fi hàn lórí báńkónì náà, níbi tó ti so mọ́ ara ilé.

Mo ti pàdé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí wọ́n mọ wL²/2, fọ́múlà moment báńkónì, lórí, tí n bá ní kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ tó ń fà lára báńkónì, wọn á máa wo ojú mi. Ẹni tó bá lè ya báńkónì náà, kó fi ọfà ìwúwo sí i, kó bi ara rẹ̀ pé kí ló ń di nǹkan yìí mú tí kò fi yí ṣubú, yóò mọ ibi tí irin ń lọ láìṣí ìwé. Yóò sì lé àwọn lébìrà sọ̀ kalẹ̀ lórí irin, torí ó mọ ohun tó ń bẹ̀rù.

Ọ̀ràn táńkì omi náà tún wà. Oníbàárà á ní kí n ra 2,000 lítà dípò 1,000 kí omi lè máa tú yàà. Gíga ló ń ṣe ìyẹn. Omi tó ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ní 6 m ń tì í pẹ̀lú pressure bíi 59,000 Pa, táńkì ì báà tóbi ì báà kéré. Oníbàárà kò jẹ̀bi, kò ka físíìsì. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnjiníà náà, ó sì ká mi lára.

Ọmọ Mẹ́kà 300L fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ mà/sà Ẹnjiníà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀.

Sà, ìdánwò ni ká bá wí. PHY 101 tiwa, orí kọ̀ǹpútà la ti ṣe é, objective ni gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà ló wà nínú gbogbo ìbéèrè. Past questions la ń tà kiri ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. A ó jáàkì rẹ̀ mọ́jú, a ó dà á sílẹ̀ láàárọ̀, ó tán. Ẹni tó jókòó tó ń ronú nípa bọ́ọ̀lù tó wà lókè, kàríọ́fà ló ń wá. Bí ẹ bá jiyàn lórí tírélà pẹ̀lú wa fún odidi sẹ̀mẹ́sítà, tí ìdánwò bá dé tó tún jẹ́ "find v", àwọn ọmọ á mọ̀ pé ìjiyàn yẹn kò sí nínú máàkì, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn á sì gbọ́. Ẹ fi ìbéèrè tí kò ní nọ́ńbà sínú ìdánwò, kó pọ̀ díẹ̀, a ó máa múra sílẹ̀ fún un. Objective náà lè gbà á.

Ìkejì, sà, ẹ̀rù ń bà wá láti dáhùn. Bí èèyàn bá sọ ohun tí kò tọ̀nà nínú gbọ̀ngàn yẹn, gbogbo wọn á hó lé e lórí, orúkọ tí wọ́n bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà lè bá a dé final year. Lẹ́tà tí Bàbá ní kí a gbé sí àyà yẹn máa ràn wá lọ́wọ́ gan-an.

Ìgbà tí mo wà ní 200L ni law kìn-ín-ní Newton (pé ohun tó ń rìn á máa rìn lọ bẹ́ẹ̀ bí force kò bá yí i padà) tó yé mi, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn, ní Ọ̀jọ́ta ni. Kọ́ńdọ́ fò sílẹ̀ kí dánfó tó dúró, ó sáré tẹ̀lé ọkọ̀ díẹ̀ kó tó dúró. Ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n ṣe fò tẹ̀lé e, ó dúró gbọin, ó sì fojú lélẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì í. Ara rẹ̀ òkè ṣì ń bá ìyára ọkọ̀ lọ, ilẹ̀ sì ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kọ́ńdọ́ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí friction ilẹ̀ dá òun dúró díẹ̀díẹ̀. Mo kàn dúró síbẹ̀ tí mò ń wò ó. Mo ti gba A ní PHY 101 ṣáájú ìgbà náà, sà.

Olùkọ́ Mẹkáníìsì fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ kò le, òótọ́ ni. A kò tí ì kọ ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà yìí, nítorí náà mo lè ṣe ohun kan sí i. Mo ti ń bá ẹni tí a jọ ń kọ́ kọ́ọ̀sì náà sọ ọ́: ìdá kan nínú mẹ́ta ìbéèrè kò ní ní nọ́ńbà nínú, a ó sì sọ fún àwọn ọmọ láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ kí wọ́n mọ̀.

Bàbá, lórí pé kí n má yọ orí kankan, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kúrò nínú ìmọ̀ràn yín. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà tán, mo pinnu pé fọ́múlà range, fọ́múlà gíga jù lọ àti ti àkókò nínú projectile, gbogbo rẹ̀ máa kúrò lójú pátákó mi. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìwúwo nìkan ló wà lára bọ́ọ̀lù á rí wọn fúnra rẹ̀ nígbà tó bá nílò wọn. Àkókò tó bá ṣẹ́ kù, moment àti equilibrium ló máa gbà á, báńkónì sì ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Orí yíyípo tí mo máa ń sáré kọjá lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ni yóò jàǹfààní jù, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá kọ́lé.

Ní ti dv/dt, n kò ní dúró de MTH 102. Gíráàfù v sí t ni mo máa yà, rúlà ni mo máa gbé lé e, ká wo bó ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí. Bó ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí yẹn ni acceleration. Bọ́ọ̀lù tí mo jù sókè máa fún wọn ní ìlà tààrà tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó gba orí òdo kọjá láìyí padà. Wọn á fojú ara wọn rí i pé kò sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ sí a níbi tí v ti di òdo.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Korobá omi kan wúwo 100 N. Mò ń fi okùn fà á jáde nínú kànga, ó ń bọ̀ lókè pẹ̀lú ìyára kan tí kò yí padà. Force okùn lára korobá náà: (A) ju 100 N lọ, (B) 100 N géérégé, (C) kò tó 100 N.

Bàbá Láàbù fèsì:

Ó dára. A ni wọ́n máa mú. Wọn á ní bó bá dọ́gba, korobá kò ní gbéra. Ìdáhùn yẹn ni ẹ fẹ́, torí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: nígbà tó ń gbéra, ó gbọ́dọ̀ ju 100 N lọ. Bí ẹ bá ní B ni, kí ẹ sì kọjá, ẹni tó mú A á rò pé ẹ kò gbọ́ òun. Ẹ má fi ìbéèrè náà sílẹ̀ ní ẹyọ kan.

Olùkọ́ Mẹkáníìsì fèsì:

Mo ti tún un kọ. Korobá kan náà, okùn kan náà, àwọn ìdáhùn kan náà, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa gbé lẹ́tà sókè. Àkọ́kọ́: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ó ń gbéra, ìyára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìkejì: ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìyára kan náà. Ìkẹta: ó ti ń dé ẹnu kànga, mo rọra ń dẹ ọwọ́, ó ṣì ń bọ̀ lókè ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ ń dín kù. A, lẹ́yìn náà B, lẹ́yìn náà C, bẹ́ẹ̀ òkè ló ń lọ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkẹta yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n jiyàn lé lórí jù. Mo ti ní kí kíláàsì rẹ́pù sọ fún wọn kí kálukú mú abala A4 kan dání.